Kí Ẹ Tó Dí Inú Ògiri Yẹn

Alápẹ̀rẹ̀, Kétu,
Èkó.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lọ́sàn-án.

Mojísọ́lá, Àjọkẹ́ mi,

Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó ti lẹ́tà yìí, ìdìde mi sì ti pọ̀ ju ìjókòó lọ. Bí mo bá kọ ìlà méjì, màá lọ wo ẹ̀wà tó wà lórí iná. Bí mo bá padà dé, màá ka ohun tí mo kọ, màá ní kò rí bẹ́ẹ̀, màá fà á ya. Dádì rẹ bi mí pé ṣé ìdánwò ni mò ń ṣe ni. Mo ní ó ju ìdánwò lọ.

Ara wa le. Ẹsẹ̀ tó ń dun Dádì rẹ ti rọ̀ díẹ̀, ó sì ti ń rìn dé Kétu fúnra rẹ̀. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ọkàn rẹ lè fìdí mọ́lẹ̀, torí pé tèmi kò fìdí mọ́lẹ̀ láti Sátidé tó o ti pè. Ìyá Tọ́lá tó múlé gbè wá ń lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní òun á bá mi fi lẹ́tà sí póòsì bí òun bá ti débẹ̀. Mo mọ̀ pé a lè sọ ọ́ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n fóònù yìí, bí a bá ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn, káàdì á tán, tàbí kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gé e. Ibi tó gé e fún wa ní Sátidé burú. Ohùn rẹ tó gbẹ̀yìn létí mi ni: “Mọ́mì, tí Dáre bá lè jẹ́ kí àwọn èèyàn yẹn kó nǹkan wọn sínú ògiri wa, èmi àti Tiwa máa kó lọ sọ́dọ̀ Bùkọ́lá ni.” Mo ń pè, mo ń pè, kò wọlé mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni gbólóhùn yẹn ti ń bá mi jẹun.

Jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe gbọ́ ọ, kó o lè mọ̀ bí mo bá ṣì í gbọ́. Ilé tí ẹ rà yìí, ilé àtijọ́ ni. Ògiri rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Méjì ni wọ́n mọ tó dúró ti ara wọn, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà láàárín wọn. Àwọn ọkùnrin méjì kan wá kanlẹ̀kùn. Wọ́n ní inú àlàfo yẹn ni ooru ilé yín ń gbà lọ, tí òtútù fi ń rọ́nà wọlé. Wọ́n ní àwọn á lu ihò kéékèèké sára ògiri láti ìta, àwọn á fi ẹ̀rọ fẹ́ nǹkan kan tó dà bí òwú sínú rẹ̀ títí tí yóò fi kún, àwọn á sì dí ihò náà padà. Ìjọba ọ̀hún á bá yín gbé díẹ̀ nínú ìnáwó rẹ̀. Dáre ọkọ rẹ fẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kíákíá. Ìwọ ò fẹ́, torí pé ògiri yàrá Tiwa ọmọ yín, èyí tí òjò ń nà, ti ń rin, bébà ara rẹ̀ sì ti ń ṣí. Ọmọ ń wúkọ́. Dáre ní òtútù ló fà á. Ìwọ ní ọ̀rinrin ni.

Ohun tó ò mọ̀ nìyí: Dáre náà pè mí. Lọ́jọ́ Àìkú ni, bí a ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Kò ní kí n má sọ fún ọ, ìyẹn ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ó kí mi títí, ó béèrè ẹsẹ̀ Dádì, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà lẹ́yìn ìkíni yẹn.

Ó ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi bá Mojí sọ̀rọ̀. Òtútù ibí yìí ò ṣeé fẹnu sọ. Tí ọmọ yẹn bá ti ń wúkọ́, ńṣe ló ń dà bíi pé èmi ló ń pè lẹ́jọ́.”

Mo ní, “Dáre, ta ló pè ọ́ lẹ́jọ́?”

Ó ní, “Kò sẹ́ni tó pè mí lẹ́jọ́ mà. Èmi ni mo mú wọn wá síbí.”

Mojí, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú ilé elépo tó wà ní ìyànà wa. Dádì rẹ ti rìn síwájú, kò mọ̀ pé mo ti dúró. O fẹ́ kí n pe ọkọ rẹ kí n ní kó má ṣe é. Ọkọ rẹ fẹ́ kí n pè ọ́ kí n ní kó o jẹ́ kí òun ṣe é. Mi ò ní ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Èmi náà ti jà nítorí ògiri rí, o sì wà níbẹ̀. O kàn kéré ni.

Ṣé o rántí ìgbà tí a lọ lo họlidé nílé Ańkù Báyọ̀ ní Ifákọ̀? Ìwọ àti Ṣẹ́gun ń sùn lórí àga gígùn, ẹ sì ń bá àwọn ọmọ Ańkù gun igi gúáfà wọn. Títí di òní lo ṣì máa ń sọ pé họlidé yẹn dùn jù. Ọmọ mi, kì í ṣe họlidé. Mo kó jáde nílé Dádì rẹ ni.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé yìí ni. Yàrá ẹ̀yìn, èyí tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ni a fi sílẹ̀ fún Ìyá Ìsẹ́yìn, ìyá Dádì rẹ, tí Dádì ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn tí bàbá wọn kú. Oòrùn ọ̀sán máa ń yan ògiri yàrá yẹn bí ẹni ń yan àgbàdo. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, o ò ní lè fẹ̀yìn tì í. Ilẹ̀ á ṣú, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ níta, ògiri á ṣì máa tu ooru sílẹ̀ sínú yàrá. Kò pẹ́ tí Ìyá dé tí wọ́n gbé ẹní wọn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n pe Dádì rẹ, wọ́n ní, “Níjì, ṣé yàrá lo fún mi ni, àbí ààrò?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Dádì rẹ. Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé, tí ìyá rẹ̀ ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀! Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wọn sọ fún un pé bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá ni pé wọ́n á kan pákó pẹlẹbẹ mọ́ ògiri láti inú, wọ́n á fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín pákó àti ògiri, wọ́n á sì ki fóòmù bọ àyè náà. Ooru kò ní ráyè kọjá. Ó pe káfíńtà.

Èmi ni mò ń gbálẹ̀ yàrá yẹn, ojú mi sì ti rí ohun tí tirẹ̀ kò rí. Lẹ́yìn òjò, ìsàlẹ̀ ògiri máa ń rin, ọ̀dà ara rẹ̀ ń wú, ó sì ń yọ funfun bí iyọ̀. Mo sọ fún un. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni mo sọ ọ́? Níwájú káfíńtà àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ti gbé pákó sọ̀kalẹ̀.

Mo ní, “Dádì Mojí, ògiri yìí ń mumi. Ẹ fẹ́ fi aṣọ bo egbò ni?”

Ó ní, “Bí ilẹ̀ Alápẹ̀rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Kò sílé tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í rin. Bí a bá bò ó, ta ló ń wò ó?”

Mo ní, “Omi ni yóò máa wò ó.”

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Dádì rẹ yíjú sí i, ó ní, “Ẹ máa kàn án.”

Mi ò ní purọ́ fún ọ, Àjọkẹ́: ó dára. Yàrá yẹn tutù bí inú ìkòkò omi. Ìyá gbé ẹní wọlé, wọ́n ń sùn lọ́sàn-án gangan. Bí àlejò bá dé, Dádì rẹ á mú wọn wọlé, á ní kí wọ́n fọwọ́ kan pákó. Inú ìyá rẹ̀ ń dùn, inú tirẹ̀ náà ń dùn. Èmi nìkan ni mo dákẹ́, mò ń retí òjò bí ológbò ṣe ń ṣọ́ ihò eku.

Òjò dé. Òórùn kan kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ní pákó ni. Dádì rẹ ní rárá, ẹja tí wọ́n ń yan lágbo ilé kejì ni, èyí tí wọ́n ń kó wá láti Agboyi. Mo ní ṣé wọ́n ń yan ẹja lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni? Pákó bẹ̀rẹ̀ sí í wú síta bí ikùn aboyún. Lẹ́yìn náà ni Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Mo ní kí wọ́n tú u. Ó ní tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ní ṣé ikọ́ yẹn náà á dúró de ẹ̀ẹ̀rùn ni? Ó ní mò ń wá ibi tí màá ti fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ káfíńtà. Ọ̀rọ̀ ń bí ọ̀rọ̀. Ní Sátidé kan, mo kó aṣọ sínú báàgì, mo mú ìwọ àti Ṣẹ́gun lọ́wọ́, a wọkọ̀ lọ sí Ifákọ̀. Mo sọ fún yín pé họlidé ni.

Bí mo ṣe dé ilé Ańkù rẹ, tí mo jókòó, tí ìyàwó rẹ̀ gbé omi fún mi, ìgbà yẹn ló wá sí mi lọ́kàn pé mo gbàgbé nǹkan kan. Kí ni mò ń bá ọkọ mi jà lé lórí? Ikọ́ Ìyá. Ta ni mo fi sílẹ̀ sínú yàrá yẹn? Ìyá ni. Mo gbé omi yẹn sílẹ̀. Síbẹ̀ mi ò padà. Ojú ń tì mí, mo sì fẹ́ kó wá bẹ̀ mí.

Kò wá. Ìyá ló wá.

A wà níwájú ilé, à ń ṣa ìrẹsì, nígbà tí ìyàwó Ańkù rẹ ní, “Ẹ wo màmá kan tó ń bọ̀ yìí, ó jọ pé ó ti sọnù.” Mo gbójú sókè. Ìyá Ìsẹ́yìn ni, pẹ̀lú bàtà méjèèjì lọ́wọ́, tí wọ́n ń wo nọ́ńbà ilé kọ̀ọ̀kan bíi pé wọ́n mọ̀wé kà. Wọn kò tíì dá jáde rí ní Èkó láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Mo sáré pàdé wọn, mo kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà.

“Ìyá, ta ló mú yín wá?”

“Ẹnu mi ni. Mo ń béèrè, wọ́n ń júwe.” Wọ́n wúkọ́, wọ́n sinmi. “Dìde, ìyàwó. Mi ò wá bẹ̀ ọ́ o.”

Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n bi yín bóyá ẹ ń jẹun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí mi.

“Pákó yẹn ti já kúrò lára ògiri lókè. Ojoojúmọ́ ni ọkọ rẹ ń fi ìṣó kàn án padà. Bó bá kàn án tán, á gbé ọwọ́ lé e, á dúró síbẹ̀ bí ẹni tó lọ wo aláìsàn. Kò lè sọ fún ọ pé ó ti já. Èmi ni mo wá sọ ọ́.”

Mo ní, “Ìyá, mo sọ fún wọn kí wọ́n tó ṣe é.”

“O sọ ọ́. Mo wà níbẹ̀. Èmi kò ní kí o má bá a jà. Ṣùgbọ́n wá bá a jà nílé. Ìjà tí ẹnì kan wà ní Ifákọ̀, tí ẹnì kejì wà ní Alápẹ̀rẹ̀, ta ni yóò gbọ́ ti ẹnì kejì?”

Mo kó báàgì mi. Ìwọ sunkún torí gúáfà.

Nígbà tí a dé, Dádì rẹ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó gbé e wọlé, ó sì jáde padà pẹ̀lú òòlù. Ó ní, “Wá dì í mú fún mi.” Èmi àti òun la jọ tú gbogbo pákó yẹn. Fóòmù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti mu omi débi pé ó wúwo bí òkú ewúrẹ́. Ohun dúdú kan ti hù sí i lára. Ikán ti gba inú pákó gòkè dé igi òrùlé. Dádì rẹ wò ó títí. Ó ní, “Òjò tí atẹ́gùn ń fẹ́ lù ú ni, bó o ṣe wí.” Mo sì ní, “Rárá, ilẹ̀ ló ń ti ìsàlẹ̀ fa omi sókè, bí ẹ̀yin náà ṣe sọ lọ́jọ́sí.” Olúkúlùkù ti gba ti ẹnì kejì, àwa méjèèjì sì ṣìnà.

Òjò bẹ̀rẹ̀ bí a ṣe wà níbẹ̀. Òjò ńlá. Dádì rẹ ṣàdédé gbé etí lé ògiri. Ó ní, “Wá gbọ́.” Mo gbé etí tèmi lé e. Mojí, omi ń ṣàn nínú ògiri! O mọ̀ pé inú búlọ́ọ̀kù máa ń ní ihò. Láti òkè wá sílẹ̀, inú ihò yẹn ni omi ń gbà, wuuru, wuuru.

Ó gbé àkàbà, ó bọ́ sínú òjò. Mo tẹ̀ lé e láti di àkàbà mú. Ó gòkè dé etí òrùlé, ó sì rí i: gọ́tà páànù tó yẹ kó máa gbé omi òjò lọ sínú dúrọ́ọ̀mù ti dípẹtà, ó ti lu sí ibì kan, gbogbo omi òrùlé ẹ̀yìn sì ń dà sórí ògiri níbi tí bíríkìlà kò ti dí ojú búlọ́ọ̀kù. Kì í ṣe ilẹ̀. Kì í ṣe atẹ́gùn. Ó wò mí láti òkè, omi ń ṣàn lórí rẹ̀, ó ní, “Màmá Mojí, a ti ja ìjà tí kì í ṣe tiwa.” Ẹ̀rín pa mí débi pé mo fẹ́ ju àkàbà sílẹ̀. Ìyá ń pariwo láti ojú fèrèsé pé kí a wọlé, pé ṣé àìsàn òun nìkan ò tó ni.

A tún gọ́tà ṣe. A fi sìmẹ́ńtì dí orí ògiri. A pààrọ̀ igi tí ikán jẹ. A sì fi ògiri yẹn sílẹ̀ ní ìhòòhò títí ẹ̀ẹ̀rùn fi parí, kó lè gbẹ dé inú. Ìyá sùn sí pálọ̀ ní gbogbo àkókò yẹn, ikọ́ sì lọ. Nígbà tí ó gbẹ tán, Dádì rẹ ní òun kò fẹ́ rí pákó mọ́ láyé òun. Èmi ni mo lọ pe káfíńtà padà. Pákó tuntun, fóòmù tuntun, lórí ògiri gbígbẹ. Yàrá náà tutù. Inú rẹ̀ ni Ìyá gbé títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Wàyí o, ohun tí mo fẹ́ sọ.

Èkíní, nǹkan tí wọ́n fẹ́ fẹ́ sínú ògiri yín yẹn, má pè é ní ọ̀tá. Bí ara ògiri bá gbẹ, ó lè ṣe yín lóore. Ṣùgbọ́n bí ògiri bá ń mumi, inú àlàfo yẹn ni ó ti ń ráyè gbẹ. Bí ẹ bá dí i, ẹ ti di ẹrù omi ru ilé yín nìyẹn. Nítorí náà, má ṣe sọ pé “rárá.” Sọ pé “kò tíì yá.” Ọ̀nà wọn jìn sí ara wọn.

Èkejì, ẹ wá ibi tí omi ń gbà. Ẹ yí ilé yín ká lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀, ìwọ àti ọkọ rẹ, kí ẹnì kan má dá lọ. Ẹ wo gọ́tà òrùlé. Ẹ wo bíríkì ìta, bóyá sìmẹ́ńtì àárín wọn ti ń jẹ kúrò. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ ọgbà ga ti ara ògiri. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì fún un láyè kó gbẹ. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ yín kò ní oòrùn bíi tiwa, yóò pẹ́. Ẹ jẹ́ kó pẹ́.

Ẹni tó fẹ́ ta iyọ̀ kì í sọ pé ọbẹ̀ rẹ kò nílò rẹ̀. Kí ẹlòmíràn tí kò ní rí iṣẹ́ gbà níbẹ̀ wá bá yín yẹ ògiri wò. Wọ́n ní wọ́n ní kámẹ́rà kékeré tí wọ́n ń tì bọ ihò. Kí wọ́n tì í bọ̀ ọ́, kí ẹ fojú ara yín rí inú rẹ̀. Kí o sì kan ilẹ̀kùn àwọn ará àdúgbò tí wọ́n ti ṣe é, pàápàá àwọn tí ilé wọn kọjú síbi tí tiyín kọjú sí, tí òjò ti pa tiwọn lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é. Má ṣe tijú. Òyìnbó náà fẹ́ràn kó sọ̀rọ̀ ilé rẹ̀.

Àwọn ihò kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ògiri yín, tó ní nǹkan bí asẹ́ lójú, àti èyí tó wà níbi tí iná gáàsì wà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí wọn. Ibẹ̀ ni ilé ń gbà mí. Mo ti dìde wo gáàsì tèmi nígbà tí mo kọ ìyẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà jókòó ni.

Mi ò mọ iye tí mo ti kà dé mọ́. Èyí tó kàn ni ọmọ. Kí Tiwa má sùn sí yàrá yẹn mọ́ láti alẹ́ tí lẹ́tà yìí bá dé; ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí yàrá yín. Bóyá òtútù ni o, bóyá ọ̀rinrin ni o, kò gbọdọ̀ jẹ́ òun la fi ń wádìí. Má sá aṣọ tútù sórí ẹ̀rọ amúlégbóná nínú yàrá ọmọ. Kí o sì gbé e lọ rí dókítà, kí Dáre wà níbẹ̀, kí ẹ jọ fi etí yín gbọ́ ohun tí dókítà bá sọ.

Àjọkẹ́ ọmọ Níjì, ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn pọ̀n gba Kétu kọjá nínú ẹrẹ̀, gbọ́ èyí tó jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí o bá ní ohun tí o fẹ́ bá Dáre sọ nípa ògiri yẹn, má sọ ọ́ lójú àwọn tó wá lu ihò. Sọ ọ́ kí wọ́n tó dé, tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ. Ọkùnrin tí a bá dójú tì níwájú òṣìṣẹ́, bó tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti ṣìnà, yóò máa bá ọ̀nà náà lọ ni. Ọkọ rẹ kò lágídí bí o ṣe rò. Ẹ̀rù ń bà á ni. Ó gbọ́ ikọ́ ọmọ rẹ̀ nínú ilé tí òun fọwọ́ ara rẹ̀ rà, ó sì rí ẹni tó ní òun lè dá a dúró lọ́jọ́ kan. Ta ni kò ní sáré sí irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ìwọ náà, ẹ̀rù ń bà ọ́. Ẹ̀rù kan náà ni. Ẹ kàn dojú rẹ̀ kọ ara yín ni dípò ògiri.

Má lọ sọ́dọ̀ Bùkọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ. Ọmọ dáadáa ni, ilé rẹ̀ á sì gbà yín. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí o bá jókòó níbẹ̀, nígbà tó bá gbé tíì fún ọ, wàá rántí ẹni tí o fi sílẹ̀ nínú òtútù yẹn láti máa fọwọ́ kan ògiri lójoojúmọ́. Bó bá jẹ́ pé ó nà ọ́ ni, èmi fúnra mi ni ǹ bá ní kó o jáde. Kò nà ọ́. Ògiri ló ń bá jà.

Dádì rẹ ti jí. Ó ní kí n sọ fún Dáre pé òun kí i, àti pé kó pe òun, òun nìkan, bó bá ráyè. Mo bi í pé kí ló fẹ́ sọ fún un. Ó ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gọ́tà ni.

Ìyá Tọ́lá ti rán ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá wò bóyá mo ti kọ ọ́ tán. Ọkàn mi ò tíì balẹ̀, ṣùgbọ́n pépà ti ń tán. Kí ilé yín gbà yín, kí ẹ̀yin náà gba ara yín. Ikọ́ kò ní bá Tiwa dàgbà. Ibi tí ẹ fi ṣe ibùgbé kò ní le yín jáde.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Lẹ́tà kì í yára bíi fóònù. Ó lè jẹ́ pé nígbà tí èyí bá fi máa dé ọwọ́ rẹ, wọ́n ti ṣe é tán, wọ́n ti dí ihò, wọ́n ti lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, má fi lẹ́tà mi na ọkọ rẹ bíi pàṣán. Fi sí abẹ́ aṣọ. Gbé ọmọ, kí ẹ jókòó nínú yàrá yẹn, ìwọ àti bàbá rẹ̀, kí ẹ dákẹ́. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, sọ fún un pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Bó bá sì ń rin, ní kó fún ọ lọ́wọ́ rẹ̀, gbé e lé ibi tó ń rin, kí o sì fi tìrẹ lé e.

Èmi ni,
ìyá rẹ tí kò tíì jẹ ẹ̀wà tó sè.